Ìyẹ̀fun Pákó Nínú Ebè Ìyá Mi

Ọjọ́ tí káfíńtà kọ́kọ́ wọ ẹ̀yìnkùlé wa, ọwọ́ mi méjèèjì wà nínú ajílẹ̀ dé ìgbọ̀nwọ́. Mo ń fọ́ èyí tó dì sí wẹ́wẹ́, mo sì ń ṣa èèpo ẹyin tí kò tíì jẹrà kúrò nínú rẹ̀. Ó kí mi, ó na ọwọ́. Mo wo ọwọ́ tó nà, mo wo tèmi. Kí n tó mọ ohun tí mo máa sọ, ó ti fa tirẹ̀ padà, ó nù ún sára ṣòkòtò rẹ̀.

"Ẹ má bínú," ó ní. "Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ ná, ká tó bọwọ́."

Bàbá mi, tó jókòó sórí àga rẹ̀ lẹ́bàá ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, wúkọ́. Ikọ́ yẹn kì í ṣe ti àìsàn. Ọ̀gá ilé-ìwé ni Bàbá kó tó fẹ̀yìn tì, ikọ́ yẹn ló sì fi ń pa odidi kíláàsì lẹ́nu mọ́ láyé ìgbà náà.

Ọdún kẹta rèé tí mo ti padà sílé Bàbá. Nígbà tí ọkọ mi kú, a ò tíì bímọ. Mo kó àpótí méjì, mo wá sọ́dọ̀ àwọn òbí mi, mo ní oṣù kan péré ni mo fẹ́ lò. Ní oṣù kẹfà, ìyá mi náà rọra lọ láàárọ̀ ọjọ́ kan, ife tíì rẹ̀ ò tíì tutù. Láti ìgbà náà ló ti ku èmi àti Bàbá. Láàárọ̀ mo máa ń lọ síbi iṣẹ́ ní ilé ìwòsàn, níbi tí mo ti ń tọ́jú fáìlì àwọn aláìsàn. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, àwa méjèèjì a bọ́ sẹ́yìnkùlé, a tọ́jú ebè ìyá mi.

Ebè mẹ́fà ni. Òkúta àti àfọ́kù bíríkì ló kún ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé wa, koríko pàápàá kì í fẹ́ hù níbẹ̀. Ìyá mi ló sọ pé bí ilẹ̀ ò bá gba òun, òun á kó ilẹ̀ tòun lé e lórí. Ó ní kí wọ́n kan pákó yíká bí àpótí tí kò ní ìdérí, kó ga dé orúnkún, ó sì ń kó ilẹ̀ dúdú kún un díẹ̀díẹ̀. Ìyá ló ń gbìn. Bàbá ló ń po ajílẹ̀: ewé gbígbẹ agbọ̀n mẹ́ta, èèpo láti ilé ìdáná agbọ̀n kan, ìgbẹ́ adìẹ díẹ̀, eérú díẹ̀, omi tó máa mú un rin láìjẹ́ kó máa ro tótó. Wọ́n á bò ó, wọ́n á máa yí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bí Bàbá bá ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀ tó sì gbóná, á ní, "Kò tíì gbọ́n." Bó bá tutù, tó ń rùn bí ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa, á ní, "Ó ti gbọ́n." Bẹ́ẹ̀ ló ṣe kọ́ mi láti kékeré. Èmi ò mọ̀ pé àwọn èèyàn yòókù kì í sọ pé ajílẹ̀ gbọ́n, àfìgbà tí mo sọ ọ́ níbi iṣẹ́ tí wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín odidi ọ̀sẹ̀ kan.

Pákó wọ̀nyẹn ló jẹrà. Àbúrò Bàbá obìnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Àǹtí Abẹ́rẹ́ nítorí iṣẹ́ aṣọ rírán tó ń ṣe àti nítorí ẹnu rẹ̀, ló ní káfíńtà kan wà ní ṣọ́ọ̀bù tó kángun sí tòun.

"Ọwọ́ rẹ̀ mọ́," Àǹtí ní. "Kì í pariwo. Kò sì níyàwó."

"Pákó ni a fẹ́ kó wá kàn," ni Bàbá dáhùn.

"Mo gbọ́, ẹ̀gbọ́n mi. Mo kàn ń sọ gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa rẹ̀ ni."

Ọjọ́ Sátidé mẹ́rin ló fi ṣe iṣẹ́ náà, ó sì lè jẹ́ pé méjì ló yẹ kó gbà á. Ó máa ń tú ebè kan, á kó ilẹ̀ inú rẹ̀ sórí tapólì, á kan pákó tuntun, á sì dá ilẹ̀ padà síbẹ̀. Èmi ni mò ń bá a kó ilẹ̀. Ní Sátidé àkọ́kọ́, ọ̀rọ̀ tí a bá ara wa sọ ò ju ẹ kú iṣẹ́ àti ẹ rọra. Ní Sátidé kejì, ó bi mí pé kí ni àwọn ekòló ń ṣe nínú ilẹ̀ yẹn tí wọ́n fi sanra tó bẹ́ẹ̀.

"Wọ́n ń jẹun ni."

"Kí ni wọ́n ń jẹ?"

"Ohun tí èmi àti Bàbá bá jẹ kù."

Ó ronú sí i. "A jẹ́ pé ẹ̀ ń jẹun dáadáa nílé yìí."

Mo rẹ́rìn-ín. Ó pẹ́ tí mo ti rẹ́rìn-ín ní ẹ̀yìnkùlé yẹn kẹ́yìn, ó sì dún létí mi bí ohùn ẹlòmíràn. Ikọ́ Bàbá dáhùn láti ẹnu ọ̀nà.

Díẹ̀díẹ̀ ni mo gbọ́ ìtàn rẹ̀. Ọmọ kan ṣoṣo ni. Ìyá rẹ̀ ti wà lórí ibùsùn fún ọdún mọ́kànlá, òun ló ń wẹ̀ ẹ́, òun ló ń fún un lóúnjẹ. Obìnrin méjì tó fẹ́ fẹ́ ti wo ilé yẹn wò, wọ́n sì padà lọ. Ìyá náà ti kú lọ́dún tó kọjá. Kò sọ ọ́ bí ẹni tó ń wá àánú. Ó ń fi ìfági fá ẹ̀gbẹ́ pákó bó ṣe ń sọ ọ́, èérún rẹ̀ ń ká bọ́ sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ mi.

"Ẹ ò rò pé àwọn ọdún yẹn lọ lásán?" mo bi í. Ìbéèrè burúkú ni, ṣùgbọ́n ó ti jáde.

"Ìyá mi ni," ó ní, ó sì ń fá pákó lọ.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wo kàlẹ́ńdà ilé ìwòsàn bí ọmọ ilé-ìwé tó ń dúró de ìsinmi.

Ní Sátidé kẹrin, ó ku ebè kan ṣoṣo, èyí tó sún mọ́ ilé ìdáná jù lọ. Ti ìyá mi gan-an nìyẹn. Níbẹ̀ ló ti máa ń já ewé láàárọ̀, tòun ti aṣọ alẹ́ lára. Káfíńtà gbé àpò ńlá méjì wọlé lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó tú ẹnu wọn fún mi. Ìyẹ̀fun pákó ni, èyí tí ayùn máa ń tú sílẹ̀, ó funfun, ó kúnná bí ìyẹ̀fun oúnjẹ.

"Mo rí i pé ilẹ̀ ebè yìí ti lọ sílẹ̀," ó ní. "Ẹ ní ohun tó bá ti ara igi wá ló ń di ilẹ̀ dúdú. Odidi ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi ń kó eléyìí jọ. Mo jọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì kí ìṣó má baà wà níbẹ̀."

Mo mọ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti le nìyẹn: mo mọ̀. Ebi máa ń pa ìyẹ̀fun pákó tútù. Bí a bá dà á sínú ebè bẹ́ẹ̀, oúnjẹ tó yẹ kí ewébẹ̀ jẹ nínú ilẹ̀ ni òun náà máa jẹ tán kó tó jẹrà. Ìgbẹ́ adìẹ la gbọ́dọ̀ fi pò ó, ká yí i, ká sì fi sílẹ̀ fún oṣù márùn-ún. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà tí Bàbá kọ́ mi. Bàbá sì ń sùn nínú ilé lọ́sàn-án yẹn.

Mo la ẹnu. Mo wo ojú káfíńtà. Ìyẹ̀fun náà wà lára irun ojú rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti jọ nǹkan lẹ́ẹ̀mejì nítorí mi.

"Ẹ ṣé," mo ní. "Ẹ dà á sí i."

A jọ fọwọ́ pò ó. Nígbà tí ọwọ́ wa pàdé nísàlẹ̀ ilẹ̀, kò sí ẹni tó fa tirẹ̀ padà nínú wa.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn náà, Àǹtí Abẹ́rẹ́ wọ aṣọ tó dára, ó wá jókòó síwájú Bàbá. Mo wà ní ilé ìdáná, mò ń fọ ife tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n rán mi níṣẹ́ sí yín."

"Ta ló rán ọ?"

"Ẹni tó kan pákó yín. Ó fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ nípa ọmọ yín."

"Kí ló dé tí kò wá fúnra rẹ̀?"

"Ẹ̀rù yín ń bà á. Ẹ̀rù yín ń ba èmi náà, ṣùgbọ́n àbúrò yín ni mí."

Bàbá ò rẹ́rìn-ín. "Ọkùnrin tó lé ní ogójì ọdún, tí kò ní nǹkan kan ju ìfági."

"Ẹ̀gbọ́n, ọmọ yín náà ò kéré mọ́. Ṣé ọba lẹ̀ ń retí ni?"

"Jáde wá," Bàbá ní. Mo rò pé Àǹtí ló ń lé, àṣé èmi ló ń pè. Ó mú ọ̀pá rẹ̀, ó ṣáájú wa lọ sẹ́yìnkùlé, ó sì dúró níwájú ebè ìyá mi.

Tòmátì àti tẹ̀tẹ̀ inú ebè márùn-ún yòókù dúdú, wọ́n ń dán. Ewé ti inú ebè yẹn ti pọ́n bí ewé tó fẹ́ rẹ̀, wọ́n sì kúrú bí ọmọ tí kò róúnjẹ jẹ. Mo ti rí i láti ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, mo sì ti ń bomi rin ín bí ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀. Bàbá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìrora, ó ki ọwọ́ bọlẹ̀, ó bu ìyẹ̀fun funfun jáde.

"Ebè ìyá rẹ," ó ní. "Ọkùnrin yẹn sọ ọ́ di ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀."

Wọ́n ránṣẹ́ pe káfíńtà. Ó wá pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lára. Ó wo ebè náà, ó wo ọwọ́ Bàbá.

"Ta ló da èyí síbẹ̀?"

"Èmi ni, sà."

"O béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni?"

Kò wo ibi tí mo wà. "Èmi ni mo gbé e wá, sà. Mi ò mọ̀ pé ó lè ṣe báyìí. Ẹ forí jì mí."

Bí mo bá sọ̀rọ̀ nígbà náà, gbogbo rẹ̀ ì bá parí síbẹ̀. Mi ò sọ̀rọ̀. Ó lọ, Àǹtí náà lọ, èmi sì wọlé lọ tẹ́ tábìlì.

Lọ́jọ́ kejì níbi iṣẹ́, mo fi fáìlì ẹnìkan sínú ti ẹlòmíràn lẹ́ẹ̀mẹta. Mo ń bi ara mi léèrè irú èèyàn tí mo jẹ́. Nígbà tí ọkọ mi kú, gbogbo ènìyàn yìn mí pé mo fara balẹ̀, pé mi ò pariwo. Mo ti wá sọ ìdákẹ́jẹ́ di ilé tí mò ń gbé. Ọkùnrin kan sì dúró síta nítorí rẹ̀, ó gba ẹ̀bi tí kì í ṣe tirẹ̀ nìkan, kò sì tọ́ka sí mi.

Nígbà tí mo délé, Bàbá ń ka ìwé ìròyìn. Mi ò tíì bọ́ bàtà.

"Bàbá, mo mọ̀."

"O mọ kí ni?"

"Nípa ìyẹ̀fun pákó. Mo mọ̀ pé kò yẹ kó wọ ebè ní tútù. Ó fi hàn mí kó tó dà á. Èmi ni mo ní kó dà á."

Bàbá ká ìwé ìròyìn náà sí méjì, ó tún ká a sí mẹ́rin. "Mo kọ́ ọ."

"Ẹ kọ́ mi, sà."

"Kí ló wá dé?"

"Ó jọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ó ń wò mí. Mi ò fẹ́ sọ fún un pé rárá."

Ó wò mí títí. Mo rò pé ó máa wúkọ́. Kò wúkọ́.

"O mọ ìgbà tí o wá sílé yìí pẹ̀lú àpótí méjì," ó ní. "O ò lè gun àtẹ̀gùn. Èmi àti ìyá rẹ la gbé ọ wọ yàrá. Ìyá rẹ di apá kan mú, mo di apá kejì mú. Ìyá rẹ ò sí mọ́. Mi ò lè dá nìkan gbé ọ."

Ọ̀rọ̀ náà nìyẹn. Kì í ṣe ìfági, kì í ṣe ogójì ọdún.

Mo jókòó sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀ bí mo ṣe máa ń ṣe ní kékeré. "Mi ò lè ṣèlérí pé nǹkan kan ò ní ṣẹlẹ̀ mọ́, Bàbá. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ ẹ."

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo sọ ọ́ síta nìyẹn. Kódà káfíńtà fúnra rẹ̀ ò tíì gbọ́ ọ.

Bàbá tú ìwé ìròyìn náà, ó tẹ́ ẹ sórí orúnkún. "Sọ fún un kó wá ní Sátidé. Kó gbé ìgbẹ́ adìẹ àpò méjì dání. Ohun tí ẹ jọ bàjẹ́, ẹ jọ máa tún un ṣe. Nígbà tí nǹkan bá hù níbẹ̀ tó dúdú, kó wá bi mí ní ohun tó fẹ́ bi mí."

Nígbà tí Àǹtí Abẹ́rẹ́ gbọ́, ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀. "Oṣù márùn-ún? Ṣé ìgbẹ́ adìẹ ló máa so wọ́n pọ̀ ni, ẹ̀gbọ́n mi?"

"Àìsí rẹ̀ ló dá gbogbo èyí sílẹ̀," Bàbá ní.

Káfíńtà wá. A fa gbogbo tẹ̀tẹ̀ pípọ́n yẹn tu, a da ìgbẹ́ adìẹ sí ilẹ̀, a pò ó, a bò ó. Bàbá jókòó, ó ń fi ọ̀pá tọ́ka. "Ìsàlẹ̀. Ìsàlẹ̀ ni mo ní. Ṣé ilẹ̀ lò ń yí ni àbí ò ń yẹ́ ẹ sí?" Káfíńtà ń dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, sà, bẹ́ẹ̀ ni, sà, òógùn ń wẹ̀ ẹ́. Nígbà tí Bàbá wọlé lọ mu omi, mo sọ fún káfíńtà.

"Mo sọ fún Bàbá pé mo fẹ́ ọ."

Ṣọ́bìrì dúró sójú kan. "O sọ fún wọn kí o tó sọ fún mi?"

"Mo ń sọ fún ọ báyìí."

"Tún un sọ," ó ní, "kí n lè mọ̀ pé èmi náà wà níbẹ̀."

Mo tún un sọ. Bàbá ti ń padà bọ̀, káfíńtà sì bẹ̀rẹ̀ sí yí ilẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ń lé.

Oṣù kìíní, ilẹ̀ náà gbóná débi pé èéfín ń yọ lára rẹ̀ láàárọ̀. Oṣù kejì, Bàbá gbé àga kejì síta. Kò sọ ẹni tó gbé e fún. Oṣù kẹta, ibà dá káfíńtà dúbúlẹ̀, kò sì lè wá ní Sátidé méjì.

"Ta ló máa yí i?" Bàbá ń kùn. Nígbà tí mo ti ọjà dé, mo bá a pẹ̀lú ṣọ́bìrì lọ́wọ́, orúnkún rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó ti yí ìdajì. Mo gba ṣọ́bìrì lọ́wọ́ rẹ̀, ó jẹ́ kí n gbà á, ó wá bi mí bí ẹni tí kò kàn: "Ta ló ń fún ọmọkùnrin yẹn lóúnjẹ?"

"Àǹtí ni, sà. Èmi náà máa ń yà níbẹ̀ bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé."

"Ní kó máa mu omi gbígbóná."

Ní oṣù kẹrin, wọ́n ti ń jiyàn nípa nǹkan tí kò kan ilẹ̀ rárá: bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọmọ ní ìṣirò, irú igi tó dára fún àga. Mo máa ń gbọ́ ohùn wọn láti ilé ìdáná. Àwọn ìgbà mìíràn, ohùn méjèèjì a dákẹ́, èmi a sì yọjú wò wọ́n, wọ́n á jókòó, wọ́n á kàn máa wo ilẹ̀ bíbò yẹn.

Ní ìparí oṣù karùn-ún, Bàbá ki ọwọ́ bọ ebè náà, ó gbé ilẹ̀ sí imú. Èmi àti káfíńtà dúró bí ẹni tó ń retí èsì ìdánwò.

"Ó ti gbọ́n," ó ní.

A fọ́n èso tẹ̀tẹ̀ sí i lọ́jọ́ náà gan-an.

Ọjọ́ karùn-ún sí ìgbà náà, mo ti ibi iṣẹ́ dé, mi ò bá Bàbá lórí àga. Mo wo yàrá rẹ̀. Mo wo ilé ìdáná. Mo pè é, mi ò gbọ́ ìdáhùn. Ọ̀pá rẹ̀ ò sí lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Bàbá kì í kọjá géètì láìsí èmi. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ò gbà á. Ẹ̀rù tí mo mọ̀ dáadáa wá bá mi. Mi ò ráyè wo ẹ̀yìnkùlé. Mo sáré dé ṣọ́ọ̀bù Àǹtí Abẹ́rẹ́. Ó fi eyín di abẹ́rẹ́ mú, kò lè sọ̀rọ̀, ó kàn fi àgbọ̀n tọ́ka sí ṣọ́ọ̀bù kejì.

Bàbá dúró láàárín èérún pákó, fìlà rẹ̀ ti kún fún eruku. Kò tíì dé ibẹ̀ rí.

"Ó ti hù," ó ń sọ fún káfíńtà. "Gbogbo rẹ̀. Ó dúdú. Mo dúró dè ọ́ láàárọ̀, o ò wá."

"Ọjọ́ iṣẹ́ ni, sà. Mo ní kí n wá ní Sátidé."

"Sátidé jìnnà. Bi mí ní ohun tó o fẹ́ bi mí."

Káfíńtà gbé ayùn sílẹ̀. Ó nu ọwọ́, ó tún un nù. "Sà, mo fẹ́ fẹ́ ọmọ yín."

"Mo ti gbọ́. Fẹ́ ẹ." Bàbá yí ojú kúrò lára rẹ̀, ó ń wo àwọn pákó tó fi ti ògiri. "Kí ló wà ní ẹ̀yìnkùlé tìẹ?"

"Sìmẹ́ǹtì ni, sà. Kò sí ilẹ̀."

"A ó kó ilẹ̀ lé e. Èmi ò ní kó kúrò nílé mi o, má ṣi ọ̀rọ̀ mi gbọ́. Ṣùgbọ́n màá máa wá. Àwọn ebè yẹn ò sì gbọdọ̀ wà nísàlẹ̀. Mi ò lè bẹ̀rẹ̀ mọ́."

"Báwo ni kí ó ṣe ga tó, sà?"

"Ìwọ ni káfíńtà."

Káfíńtà fa téèpù jáde láti àpò rẹ̀, ó kúnlẹ̀ lẹ́sẹ̀ Bàbá. Bàbá fi ọ̀pá ti tábìlì, ó dúró gbọnrangandan, ó na ọwọ́ méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ọmọ ilé-ìwé lórí ìlà. Téèpù gùn láti gìgísẹ̀ rẹ̀, ó kọjá orúnkún, ó dé ìbàdí.

"Má fi kún un," Bàbá ní.

"Mi ò fi kún un, sà. Ẹ má mira."

Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, báàgì iṣẹ́ mi ṣì wà léjìká. Mi ò wọlé títí wọ́n fi wọ̀n ọ́n tán.